Títọ́jú htop, top àti ẹbí wọn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ń lo irinṣẹ́ tó ń fi prósẹ́sì hàn lórí terminal ló sábà máa ń bi wá ní àwọn ìbéèrè yìí. Prósẹ́sì ni ètò yòówù tí kọ̀ǹpútà ń bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. A fi ti àwọn tó fẹ́ bá wa tọ́jú kóòdù kún un. Orí Linux ni àlàyé wa dá lé jù. Níbi tí macOS tàbí FreeBSD bá ti yàtọ̀, a ó sọ ọ́.

Ta ló kọ́kọ́ kọ àwọn irinṣẹ́ yìí?

ps ni àgbà nínú wọn. Láti ayé Unix àtijọ́ ló ti wà. Ní 1984, William LeFebvre kọ top fún BSD. Ẹ má rò pé òun náà ni top tó wà lórí Linux yín o. Kóòdù ọ̀tọ̀ nìyẹn, inú àkójọ tí wọ́n ń pè ní procps-ng ló wà, pẹ̀lú ps, free, uptime, vmstat àti pgrep. Procps-ng fúnra rẹ̀ jáde wá nígbà tí procps ti tẹ́lẹ̀ kò gbé ẹ̀dà tuntun jáde mọ́, tí àwọn ará Debian, Fedora àti openSUSE wá pawọ́ pọ̀ kí kálukú wọn má baà máa dá tún nǹkan kan náà ṣe nílé ara rẹ̀.

Hisham Muhammad, ọmọ Brazil, ló kọ htop, ó sì kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2004. Pẹ̀lú htop, ẹ lè fi ọfà lọ sókè sódò, kí ẹ yan prósẹ́sì tí ẹ fẹ́ pa, kí ẹ tẹ F9, láìṣe pé ẹ ń há nọ́ńbà rẹ̀ sórí.

Ṣé htop 3 tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, htop gidi ni àbí ayédèrú?

Gidi ni. Ẹ̀dà 2.2.0, ti ọdún 2018, ló kẹ́yìn lọ́wọ́ Hisham. Lẹ́yìn náà ni ibi iṣẹ́ dákẹ́. Àwọn èèyàn ń fi àtúnṣe ránṣẹ́, wọn ò rí ẹni gbà á wọlé. Nígbà tó di oṣù kẹjọ 2020, àwọn mélòó kan kó ara wọn jọ, wọ́n ya kóòdù náà sọ́tọ̀ lábẹ́ orúkọ htop-dev, wọ́n sì gbé 3.0.0 jáde. Htop.dev ni ilé rẹ̀ láti ìgbà náà, ibẹ̀ náà sì ni Debian, Fedora àti àwọn yòókù ti ń mú un.

Láísẹ́ǹsì GPL ló fún wọn láyè láti ya kóòdù sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì kì í tọ́jú kóòdù. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà gún ni pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló gba ẹrù lórí ẹnì kan. Ọwọ́ wọn pọ̀, àtúnṣe tí ọ̀kan bá sì ṣe, òmíràn ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ wo xz, irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Ẹnì kan ló ń dá a tọ́jú, ó ti rẹ̀ ẹ́, àwọn kan sì ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó yáa gba olùrànlọ́wọ́. Ẹni tó wá ràn án lọ́wọ́ ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan. Ó lé lọ́dún méjì tó fi ń ṣiṣẹ́ tó mọ́yán lórí, láàárín ìgbà náà ni wọ́n sì gbé àṣẹ lé e lọ́wọ́. Ìgbà tó gbé ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 jáde ní 2024, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti wà nínú rẹ̀. Ohun tó tú àṣírí ọ̀hún kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: Andres Freund, ẹnì kan tó ń kọ ètò, rí i pé sshd, ètò tó ń gba àwọn tó ń fi SSH wọlé láti kọ̀ǹpútà mìíràn, ń jẹ CPU ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé wíwọlé pẹ̀lú SSH fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kan falẹ̀. Kò gbójú fò ó. Ìdí tí a fi ń ṣe irinṣẹ́ wọ̀nyí nìyẹn.

Tí ẹ bá bi mí, kí olùtọ́jú tó kọ ìlà kóòdù kan ní ọdún tuntun, kó kọ́kọ́ wo iye èèyàn tó lè gbé ẹ̀dà jáde tí òun bá ṣàìsàn, tó sì lè dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó orúkọ ìkànnì. Bí ìdáhùn bá jẹ́ ẹnì kan, iṣẹ́ àkọ́kọ́ rèé.

Níbo ni htop ti ń rí ohun tó ń fi hàn mí?

Lórí Linux, kernel, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló ń sọ fún un, nípasẹ̀ fódà tó ń jẹ́ /proc. Prósẹ́sì kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀ níbẹ̀, nọ́ńbà prósẹ́sì náà sì ni orúkọ fódà ọ̀hún. Kò sí ìkankan nínú fáìlì wọ̀nyí lórí dísíìkì. Ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni kernel ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ọ́. Ẹ tẹ `cat /proc/self/stat`, ẹ ó rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ báyìí:

`2417 (cat) R 2390 2417 …`

Nọ́ńbà, orúkọ nínú àkámọ́, ipò tó wà, nọ́ńbà òbí rẹ̀, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ohun tó rọrùn láti kà, àbí? Orúkọ yẹn ni ọ̀fìn. Èèyàn lè sọ ètò rẹ̀ ní `a) R 1`, kò sí òfin tó ní kó má ṣe é. Bí irinṣẹ́ bá ń pín ìlà náà níbi àlàfo, tàbí tó dúró níbi àkámọ́ ìparí àkọ́kọ́ tó rí, gbogbo ohun tó bá kà lẹ́yìn ibẹ̀ ti yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Àkámọ́ ìparí tó kẹ́yìn pátápátá ni ó yẹ kó wá. Ẹni tó bá ń kọ irinṣẹ́ tirẹ̀ tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sínú ọ̀fìn yìí dandan.

Èkejì ni pé prósẹ́sì lè kú láàárín ìgbà tí irinṣẹ́ rí fódà rẹ̀ àti ìgbà tó fẹ́ ṣí fáìlì inú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe, bí ayé ṣe rí nìyẹn. Kí irinṣẹ́ fò ó, kó máa lọ, kó má ṣe figbe ta.

FreeBSD, OpenBSD àti macOS kì í lo /proc fún èyí. Kálukú ní ọ̀nà tí kernel rẹ̀ ń gbà dáhùn. Ẹ̀dà 2.0 ti 2016 ni htop kọ́kọ́ gba kóòdù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá tún nǹkan ṣe lórí Linux lè ba ti macOS jẹ́ láìmọ̀, olùtọ́jú tí kò sì ní Mac nílé á gbára lé kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò orí íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ̀.

Báwo ni prósẹ́sì kan ṣe lè lo 400% CPU?

Tí kọ̀ǹpútà yín bá ní core mẹ́rin, tí ètò kan sì gbé gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́, 400% ló lò. 100% túmọ̀ sí core kan gbáko. Nínú top ti Linux, ẹ tẹ `I` ńlá, á pín in pẹ̀lú iye core.

Kernel kì í sọ ìdá kankan fún wa. Àpapọ̀ àsìkò tí prósẹ́sì ti lò láti ìgbà tí wọ́n bí i ló ń sọ, nínú ipò 14 àti 15 lórí ìlà stat, ó sì sábà máa ń kà á ní ìdá ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Irinṣẹ́ á kà á lẹ́ẹ̀kan, á dúró, á tún un kà. Ká ní ó bá 1200 lẹ́ẹ̀kíní, ó wá bá 1350 lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀: 150 ló fi lé, 150 náà ló sì wà nínú àsìkò yẹn, nítorí náà 100% ni. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà ojú ìwòye àkọ́kọ́ kò fi ṣeé gbára lé. Ìdí náà sì nìyí tí `ps aux` àti top fi lè máa jiyàn lórí prósẹ́sì kan náà: ps ń pín àsìkò CPU sórí gbogbo ọjọ́ ayé prósẹ́sì, top ń wo ìṣẹ́jú àáyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Àwọn méjèèjì jàre.

Mẹ́mórì mi ti kún tán, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó jẹ ẹ́.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ cache ni. Linux máa ń fi mẹ́mórì tí kò sẹ́ni tó ń lò tọ́jú ohun tó ti kà láti orí dísíìkì, á sì yọ̀ǹda rẹ̀ bí ètò kan bá nílò rẹ̀. Ẹ tẹ F1 nínú htop, ẹ ó rí ohun tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún. Tí ẹ bá ń lo `free`, òpó "available" ni kí ẹ wò, ẹ fi "free" sílẹ̀. VIRT náà kì í ṣe mẹ́mórì tí prósẹ́sì jẹ. Àyè tó ní lẹ́tọ̀ọ́ sí ni. RES ni ẹ ń wá.

Mo ti fi kill -9, àṣẹ tó ń pa prósẹ́sì tipátipá, lé e, kò kú.

Ẹ wo òpó ipò rẹ̀. Bó bá jẹ́ Z, ó ti kú tẹ́lẹ̀. Òkú tí wọn ò tíì sin ni, òbí rẹ̀ ni kò tíì wá gbọ́ bí ikú ṣe pa á. Kò gba mẹ́mórì, orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù nínú ìwé. Òbí yẹn ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ D, inú kernel ló há sí, ó ń dúró de dísíìkì tàbí nẹ́tíwọọ̀kì. Kò ní gbọ́ títí ohun tó ń dúró dè yóò fi dé. Linux máa ń ka àwọn onípò D mọ́ load average, nọ́ńbà tó ń sọ bí iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó lórí kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tí load fi lè ga fíofío nígbà tí CPU ń sinmi.

Níbi kill yìí kan náà, ìṣòro kan wà tí àwa olùtọ́jú ń wò tìfura-tìfura. Nọ́ńbà prósẹ́sì máa ń padà wá. Lórí kọ̀ǹpútà tí òpin nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 32768, tó sì ń bí prósẹ́sì lemọ́lemọ́, nọ́ńbà tí ẹ yàn lójú ìwòye lè ti di ti ẹlòmíràn kí ẹ tó tẹ Enter. Linux tuntun ní pidfd, ohun tó ń di prósẹ́sì náà gan-an mú dípò nọ́ńbà rẹ̀, tó lè yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí kernel àtijọ́ pẹ̀lú kò lè gbé gbogbo ara lé e.

Mo fi orúkọ Yorùbá pe ètò mi, àmì ohùn rẹ̀ sì ń fọ́ lójú ìwòye. Ta ni kí n bá wí?

Nígbà mìíràn kernel, nígbà mìíràn irinṣẹ́. Ẹ dán an wò lórí Debian:

`cp /bin/sleep ìròyìn-ọjọ́`
`./ìròyìn-ọjọ́ 600 &`
`cat /proc/$!/comm`

Lójú wa, òpó mẹ́wàá lorúkọ yẹn gbà. Lójú kernel, byte 19 ni: `ì` àti `ò` gba méjì-méjì, `ọ` gba mẹ́ta, `ọ́` gba márùn-ún. Kernel kì í fi ju byte 15 lọ pamọ́ fún orúkọ kúkúrú. Byte 14 ló parí sí lẹ́yìn `j`, ìkẹẹ̀ẹ́dógún á wá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta `ọ`, tí kò já mọ́ nǹkankan. Ẹ ó rí `ìròyìn-ọj` àti pàǹtí kan lẹ́yìn rẹ̀. Irinṣẹ́ tó dáa á fi àmì kan rọ́pò pàǹtí náà. Èyí tí kò dáa á tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, ìlà á sì dàrú. Orúkọ rẹ̀ kíkún ṣì wà nínú `/proc/$!/cmdline`.

Ti òpó tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́, irinṣẹ́ ló jẹ̀bi. Kò sí `ọ́` aláàmì kan ṣoṣo nínú Unicode: `ọ` ni, tí wọ́n wá fi àmì òkè lé lórí. Irinṣẹ́ tó bá ń ka byte á kà á sí márùn-ún, èyí tó ń ka àmì á kà á sí méjì, òpó kan ṣoṣo ló sì gbà lójú terminal. Ẹni tó bá fi `é` ti àwọn Faransé dán irinṣẹ́ rẹ̀ wò kò ní rí àṣìṣe yìí láé, torí àmì kan ni `é` nínú Unicode. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tó àwọn olùtọ́jú létí pẹ̀lú àpẹẹrẹ òkè yìí. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì rí èdè tó ń fi àmì lé orí lẹ́tà tó ti ní àmì nísàlẹ̀ rí.

Mi ò rí prósẹ́sì àwọn ẹlòmíràn.

Ẹni tó ni sáfà náà lè ti fi hidepid, ètò tó ń fi prósẹ́sì ẹlòmíràn pamọ́, sórí /proc. Bó bá jẹ́ inú container, àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ètò nínú kọ̀ǹpútà, lẹ wà, ti inú container nìkan lẹ máa rí, ṣùgbọ́n àpapọ̀ mẹ́mórì tí ẹ ń rí lókè lè jẹ́ ti gbogbo kọ̀ǹpútà tó gbé e dání. Lórí macOS, ẹ nílò sudo fún púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ṣé irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í jẹ CPU?

Ó ń jẹ ẹ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá tún ojú ìwòye ṣe, ó ń ṣí fáìlì mélòó kan fún prósẹ́sì kọ̀ọ̀kan. Bí prósẹ́sì bá tó ẹgbẹ̀rún, ẹ ṣírò rẹ̀. Àwọn òpó kan tún wúwo ju òmíràn lọ. PSS, tó ń pín mẹ́mórì àjọlò láàárín àwọn tó ń lò ó, máa ń mú kí kernel rìn yíká gbogbo ojú ewé mẹ́mórì prósẹ́sì náà, nítorí náà htop kì í kà á àfi bí ẹ bá fúnra yín yan òpó rẹ̀. Bí ẹ bá wà lórí SSH, tí dátà sì ń wọ́n yín, ẹ lo `htop -d 50`: ìṣẹ́jú àáyá márùn-márùn ni yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe dípò kan àbọ̀.

Ṣé ewu ààbò wà nínú ohun tó kàn ń wòran?

Ó wà, torí ọwọ́ àwọn tí kò mọ̀ rí ló ti ń gba ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni tó ní àkáǹtì lórí kọ̀ǹpútà náà lè pinnu ohun tí prósẹ́sì rẹ̀ ń jẹ́, kódà kó fi àmì tó ń pàṣẹ fún terminal sínú orúkọ náà, ẹni tó sì ń wò ó lè jẹ́ root, ọ̀gá tó ní gbogbo àṣẹ lórí kọ̀ǹpútà. Ní oṣù karùn-ún 2018, àwọn oníṣẹ́ ààbò Qualys gbé àbájáde ìwádìí wọn lórí procps-ng síta. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé bí HOME, àmì tó ń tọ́ka sí fódà ilé yín, kò bá sí, top máa ń ka fáìlì ètò rẹ̀ nínú fódà tí ẹ bá wà, bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀tá ló gbé e síbẹ̀ dè yín. Ní 2025, ó kan atop, irinṣẹ́ mìíràn bíi top: ó máa ń gbìyànjú láti bá ètò kan tó ń ṣọ́ GPU sọ̀rọ̀ lórí port 59123, láìbéèrè bóyá ètò náà wà lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni lórí kọ̀ǹpútà náà lè gba ẹnu port yẹn, kó máa fi ìdọ̀tí bọ́ atop. Ẹ̀dà 2.11.1 ló tún un ṣe.

Kí ló dé tí ẹ kọ ẹ̀yà tuntun tí mo béèrè fún?

Bóyá nítorí pé kò ní ṣeé yọ mọ́. Òpó tí a bá fi kún htop lónìí, àwọn èèyàn á ti kọ ọ́ sínú htoprc, fáìlì ètò htop wọn, lọ́la. Ti ps tún le jù. Ẹgbàágbèje script ló ń ka ohun tí ps tẹ̀ jáde. Ẹ sún òpó kan díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ariwo. Àpẹẹrẹ kan rèé: bí a bá tẹ̀lé ìlànà gangan, `ps -aux` ń béèrè fún prósẹ́sì ẹni tó ń jẹ́ "x". Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti mọ́ra láti máa fi àmì yẹn síwájú `aux`, nítorí náà ps máa ń kọ́kọ́ wò bóyá "x" kan wà, bí kò bá sí, á ṣe bí ẹni pé `aux` ni ẹ tẹ̀. Ẹrù àtọdúnmọ́dún nìyẹn. Olùtọ́jú tó bá ní òun fẹ́ tún un ṣe kó mọ́ tónítóní kò ní rí oorun sùn.

Ṣé kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ ní Rust ni?

Bó bá wù yín. bottom àti procs, irinṣẹ́ bíi htop, èdè Rust ni wọ́n fi kọ wọ́n, wọ́n sì dára. Ẹni tó kọ btop kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Bash, ó pè é ní bashtop, ó tún un kọ ní Python, ó di bpytop, kó tó wá kọ ọ́ ní C++. Mi ò lòdì sí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé èdè tuntun kò ní gbà yín lọ́wọ́ àkámọ́ inú stat, kò sì ní gbà yín lọ́wọ́ àárẹ̀: gotop àti ytop, ẹni tó kọ́kọ́ kọ wọ́n ti gbé méjèèjì jù sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ẹ̀kọ́, ẹ kọ tiyín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àwọn èèyàn lò ó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ẹ wá bá wa lórí èyí tó ti wà.

Mi ò gbọ́ C, èdè tí wọ́n fi kọ htop. Kí ni mo lè ṣe?

Ó pọ̀. Ẹ ka bug, ìyẹn ìròyìn àṣìṣe kóòdù, tí àwọn ẹlòmíràn kọ, kí ẹ wò ó bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tiyín. Ẹ wá èyí tí wọ́n ti yanjú tí kò sẹ́ni tó tì í. Ojú ìwé man, ìwé àlàyé ìlò irinṣẹ́, máa ń fàsẹ́yìn sí kóòdù, ẹ bá wa tún un ṣe. top ti procps-ng ń gba ìtumọ̀ sí èdè mìíràn, kò sì pọn dandan kí ẹni tó ń túmọ̀ mọ kóòdù.

Kí ló yẹ kó wà nínú bug tí mo bá kọ ránṣẹ́?

Ohun tí `htop --version` bá sọ, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ̀dà yẹn ti pẹ́: Debian stable kì í gba ẹ̀dà tuntun láàárín ọ̀nà, nítorí náà púpọ̀ nínú bug tó ń dé ni a ti tún ṣe tipẹ́. Ẹ fi orúkọ terminal yín kún un, àti èsì `echo $TERM` àti `locale`. Bí irinṣẹ́ bá ṣubú, ẹ fi gbogbo ohun tó tẹ̀ jáde nígbà tó ṣubú ránṣẹ́, kì í ṣe fọ́tò ojú ìwòye. Ẹ má kọ bug méjì sínú ìwé kan. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò, ẹ má gbé e sí gbangba. Ẹ wo ibi tí wọ́n ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí níkọ̀kọ̀.

Mo fi àtúnṣe ránṣẹ́, ó ti lé lóṣù kan, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Ẹ má bínú sí wọn. Ọ̀pọ̀ ló ń fi àṣáálẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí, lẹ́yìn iṣẹ́ tó ń bọ́ wọn. Ẹ kọ́kọ́ mú àtúnṣe yín bá kóòdù tuntun mu, kí ẹ wò ó bóyá gbogbo àyẹ̀wò ti yege, títí kan ti macOS àti FreeBSD. Bó bá gùn, ẹ pín in: èyí tó jẹ́ àtúnṣe bug lọ́tọ̀, èyí tó jẹ́ ẹ̀yà tuntun lọ́tọ̀, èyí tó kàn ń tún àlàfo ṣe, ẹ yọ ọ́ dànù. htop ní ìwé ìlànà kíkọ kóòdù nínú fódà docs rẹ̀, ẹ kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, ní ìlà kan, láìsí ẹ̀gàn. Láàárín ìgbà tí ẹ bá ń dúró, ẹ yan àtúnṣe ẹlòmíràn tó wà lórí ìlà, ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ dán an wò, ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí síbẹ̀. Orúkọ ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣòro fún olùtọ́jú láti rántí, nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa fún ní kọ́kọ́rọ́.